Ẹ̀rọ Méjì, Nọ́ńbà Kan

"Ẹ gbé e jù síta," ni Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn wí, ó sì ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn, bí ẹni pé ìdọ̀tí ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ní kí wọ́n gbé jù síta ni ẹ̀rọ téèpù àtijọ́ tó wà nínú yàrá tútù, lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn tó ń ya fọ́tò inú ara. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú wọn. Ìyá Oníwáyà ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló fa wáyà rẹ̀. Yunifásítì ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, òun sì ni olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, orí rẹ̀ gbóná bí ìgbà tí wọ́n gbé ìkòkò kaná.

"Ọ̀gá, gbogbo fọ́tò àwọn aláìsàn látẹ̀yìnwá, inú téèpù ni wọ́n wà," ló wí. "Bí a bá ju ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n nù, kí la fẹ́ máa fi kà wọ́n? Ojú?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó dáhùn kì í ṣe Ọ̀gá Àgbà. Ọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú ni. Òun ló ta sáfà tuntun fún ilé ìwòsàn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń lọ bá fún ohun tí wọ́n bá ń wá, òun náà ló sì bá wọn so ó. Ká má fi bò, àbúrò ọkọ Ìyá Oníwáyà ni. Ìyàwó ilé kì í pe ọkọ lórúkọ, ọkọ náà sì ni àbúrò ọkọ. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọlé wọn ló ti sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò, orúkọ náà sì yẹ ẹ́, torí kò sí aṣọ tí ọkùnrin náà wọ̀ tí kì í ṣe rẹ́gí lára rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni Agùntáṣọọ́lò wí tẹ̀ríntẹ̀rín, "ẹ̀rọ yẹn ti kú. Láti ìgbà tí mo ti so sáfà tuntun, kò dáhùn mọ́, ẹ̀yin náà sì rí i. Ìfẹ́ nǹkan àtijọ́ ló kàn kó sí yín lórí. Bí ẹ bá fún mi láyè, màá wá ẹni tó máa bá wa ka àwọn téèpù yẹn níbòmíràn. Ó lè tó oṣù mélòó kan, àmọ́ ó máa ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká sìnkú, ìyàwó."

Ẹ̀rín tún sọ. Ọ̀gá Àgbà pàápàá bá wọn rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ẹ gbọ́ ohun tí ọkọ yín wí o," ló ní. "Agídí kọ́ la fi ń ṣiṣẹ́. Ó jọ pé iṣẹ́ yìí ti fẹ́ máa ju apá yín lọ."

Ìyá Oníwáyà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ jọ. Ẹ̀rín kọ́ ló dùn ún jù. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún ilé ìwòsàn pé ẹnì kan wà nílé àwọn tó ń ta sáfà? Òun náà ni. Ta ló ní ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́? Òun náà ni. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó sì mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ náà kò kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Agùntáṣọọ́lò kó irin iṣẹ́ dé, òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ ìkẹyìn, téèpù náà sì yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ti yadi. Irú ikú wo nìyẹn, tó jẹ́ pé ìgbà tí àlejò wọlé ló dé? Ó ti fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà náà, àmọ́ Agùntáṣọọ́lò ti lẹ bébà pupa kan mọ́ ara sáfà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àdéhùn àtúnṣe ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá Àgbà sì pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Sáfà ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, wọ́n ti gbé e lọ.

Ó jáde nínú ìpàdé náà, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni Dókítà tó ń wo ẹ̀dọ̀fóró ti sáré bá a. Obìnrin kúkurú ni Dókítà yìí, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Mo nílò fọ́tò àyà kan. Tíṣà kan wà ní wọ́ọ̀dù mi, a rí kókó kékeré kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní wọ́n ya fọ́tò àyà òun níbí nígbà tí wọ́n fẹ́ gba òun síṣẹ́, ó sì ti tó ọdún díẹ̀. Bí kókó yẹn bá ti wà níbẹ̀ nígbà náà, tí kò dàgbà sí i, àpá lásán ni, ó lè máa lọ sílé. Bí kò bá sí níbẹ̀, a ní láti là á láyà. Ọ̀la ló kàn án."

"Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

"Láti àná ló ti ń sunkún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wọkọ̀, wọ́n ń bọ̀."

"Nítorí fọ́tò tó wà nínú ilé yìí!" Ìyá Oníwáyà fi ọwọ́ na ògiri. "Dókítà, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sáfà o."

"Èmi ò mọ sáfà," ni Dókítà fèsì. "Obìnrin tí wọ́n fẹ́ là láyà ni mo mọ̀."

Ìyá Oníwáyà sọ fún àwọn tó ń ya fọ́tò pé kí wọ́n sinmi ọwọ́ díẹ̀, ó wọ yàrá tútù, ó di etí bébà pupa náà mú, ó sì fà á ya. Dídún tó dún dùn mọ́ ọn nínú.

Ká sọ tòótọ́, ohun tó ń gbàdúrà fún ni kó bá àbùkù lára sáfà tuntun. Ì bá wù ú kó rí i pé ojúlówó kọ́ ni, kó gbé e lọ sórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà, kó ní, "Ẹ wò ó!" Ó ṣí ìhà rẹ̀, ó yọ pátákó kékeré tí wáyà ẹ̀rọ téèpù ń wọ̀, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Ó pààrọ̀ wáyà. Kò sí ìyàtọ̀. Sáfà náà dáa, kò sí ohun tó ṣe é. Àbí òótọ́ ni ọkùnrin yìí ń sọ? Àbí agídí ló ń ṣe òun lóòótọ́? Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ téèpù. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, iná kékeré iwájú rẹ̀ sì ń tàn. Ohun tó kú kì í gbóná.

Ó pa gbogbo wọn, ó tún tan gbogbo wọn, ó sì fà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Bí sáfà bá ń jí, á kọ́kọ́ pe àwọn tó wà lórí wáyà lẹ́yọ lẹ́yọ, nọ́ńbà lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ á dáhùn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ó pe òdo, kò sẹ́ni. Ó pe ení, èjì, ẹ̀ta, kò sẹ́ni. Ó pe ẹ̀rin. Orúkọ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, àbọ̀ orúkọ ni, àbọ̀ orúkọ mìíràn sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí ẹni méjì bá jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó tó ṣẹ́jú, ó ti pòórá.

"Hẹn-ẹn!" ni Ìyá Oníwáyà wí.

Ó fi ikùn dé ilẹ̀, ó rá pálá dé ẹ̀yìn pẹpẹ irin tí wọ́n to ẹ̀rọ sí. Níbẹ̀, nínú eruku, àpótí dúdú kan jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àpótí díìsìkì tí wọ́n ń kó fọ́tò sí ni, Agùntáṣọọ́lò ló fi kún un kí àyè lè wà nígbà tí inú sáfà bá kún, inú sáfà kò sì tíì kún. Ọkùnrin náà rí i pé wáyà ẹ̀rọ téèpù dé ibẹ̀, ó bá so àpótí rẹ̀ mọ́ ọn. Fèrèsé kékeré kan wà lẹ́yìn àpótí náà, nọ́ńbà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rin. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ téèpù ńkọ́? Ẹ̀rin náà ni, láti ọjọ́ tí Ìyá Oníwáyà fúnra rẹ̀ ti fi sí i.

"Kí ló dé?" ni Dókítà bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbà mí, Dókítà! Ìyá kan bí ọmọ méjì, ó sọ àwọn méjèèjì lórúkọ kan náà. Bó bá pe ọ̀kan, àwọn méjèèjì á jọ sáré, wọ́n á forí sọra lẹ́nu ọ̀nà, kò ní sẹ́ni tó wọlé. Ìyá á wá jókòó, á ní àwọn ọmọ òun ya odi. Ohun tó ṣe ẹ̀rọ mi nìyí! Kò ṣàìsàn, kò kú, ẹnì kan ló fi orúkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn!"

Ó fi ẹnu bírò ti súìṣì kékeré ẹ̀yìn ẹ̀rọ téèpù sí àrún, ó tún tan sáfà. Sáfà pe ẹ̀rin, àpótí dúdú dáhùn. Ó pe àrún, orúkọ ẹ̀rọ téèpù yọ gbà-ǹ-gbà, lẹ́tà kan ò dín. Dókítà pàtẹ́wọ́. Ìyá Oníwáyà fa téèpù ọdún tí wọ́n gba Tíṣà síṣẹ́ yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í sẹ́nu ẹ̀rọ. Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Kọ̀ǹpútà ní ìsopọ̀ ti já. Ó tún un ṣe, ó yí díẹ̀, ó tún dákẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ wáyà náà, láti ara sáfà dé ara ẹ̀rọ téèpù, láti ibẹ̀ dé ara àpótí dúdú, títí ó fi dé òpin. Ihò òfìfo ni ìka rẹ̀ bá.

Ó yẹ kí ìdérí kan wà níbẹ̀, nǹkan dúdú kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ohùn mì ní ìparí wáyà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ sọ á lọ kọlu òpin wáyà, á ta padà, á wá da ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rú. Òun tìkára rẹ̀ ló dé e mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ téèpù nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wáyà parí sí. Agùntáṣọọ́lò yọ ọ́ kí ihò lè ṣí fún àpótí rẹ̀, kò sì dé e mọ́ òpin tuntun. Irú rẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́.

Ó pe Agùntáṣọọ́lò. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é, wọ́n pa á mọ́ ọn létí. Ó pe ọkọ rẹ̀.

"Àbúrò yín dà?"

"Ó ní òun fẹ́ lọ jẹun lọ́dọ̀ Màmá. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ohùn rẹ ò dáa."

"Mo ń lọ bá a níbẹ̀."

"Jọ̀ọ́, má lọ dá wàhálà sílẹ̀ lójú Màmá. Tó bá yá, màá bá a sọ̀rọ̀."

"Tó bá yá? Títí wọ́n á fi la obìnrin olóbìnrin láyà?" Ó pa fóònù sápò.

Ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ò jìnnà, ẹ̀yìn iléeṣẹ́ búrẹ́dì ló wà. Ó fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ẹni tó bá rí ìrìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà á yà fún un. Màmá ló ṣílẹ̀kùn.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀. Kí ló dé tí o ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá lé?"

"Ẹ kú ilé, Mà. Ajá kọ́ ló lé mi, ọmọ yín ni."

Agùntáṣọọ́lò wà nídìí oúnjẹ, ó gbé kóòtù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga, síńgílẹ́ẹ̀tì ló kù sí i lọ́rùn. "Ìyàwó, ọwọ́ yín bá oúnjẹ," ló wí.

"Ìdérí wáyà mi dà?"

"Ìdérí wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ téèpù nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ so àpótí yín mọ́ ọn."

Ó jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán, ó gbé e mì. "Áà, nǹkan bíńtín yẹn? Kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀, mo rò pé wọ́n kàn fi dí eruku ni."

"Eruku!" Ohùn Ìyá Oníwáyà gòkè débi pé aládùúgbò kan yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀rọ mi fún ẹ̀rọ yín. Ẹ yọ ohun tó ń gbé wáyà ró. Ẹ wá dìde láàárín àwọn èèyàn, ẹ ní ẹ̀rọ mi ti kú, ẹ ní kí n wá sìnkú! Wọ́n fẹ́ la àyà obìnrin kan lọ́la nítorí ohun tí ẹ pè ní eruku!" Nínú gbogbo ìbínú náà, kò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ" náà ló ń sọ, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ta bí ẹ̀gún.

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé lóòótọ́ lo mú nǹkan rẹ̀?"

"Màmá, nǹkan kékeré kan báyìí ni."

"Mi ò bi ọ́ bó ṣe tóbi tó."

Agùntáṣọọ́lò fọwọ́. Gbogbo wọn jáde lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó tú ibẹ̀ tú ọ̀hún. Abẹ́ àga ni wọ́n ti rí i, láàárín bébà súìtì àti awò ojú tó ti kán lápá kan. Ìyá Oníwáyà fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ohun tí gbogbo fọ́tò ilé ìwòsàn gbẹ́kẹ̀ lé ni èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ káàkiri ìgboro!

"Wọ aṣọ rẹ, kí o gbé e padà síbi tó wà," ni Màmá wí fún ọmọ rẹ̀. "Oúnjẹ ò ní sá."

Nínú mọ́tò, Agùntáṣọọ́lò rọ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìdílé lèyí. Ẹ má jẹ́ kó dé etí Ọ̀gá Àgbà. Ẹ mọ̀ pé orúkọ ni mo fi ń ṣòwò."

"Orúkọ tèmi ńkọ́? Èmi ń fi tèmi ṣe ẹ̀kọ mímu? Nígbà tí ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín láàárọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ìdílé kọ́ nígbà yẹn?"

Wọ́n dé ilé ìwòsàn. Ìyá Oníwáyà mú un wọ yàrá tútù, ó na ìdérí náà sí i, ó sì ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ dé e. Agùntáṣọọ́lò wọ́lẹ̀ tòun ti kóòtù, ó rá dé ẹ̀yìn irin, ó dé e mọ́ òpin wáyà. Nígbà tó dìde, eruku ti sọ orúnkún rẹ̀ di funfun. Ìyá Oníwáyà ti téèpù bọ ẹ̀rọ. Ó yí, ó ń kùn bí oyin, kò dákẹ́. Àwọn orúkọ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí orúkọ Tíṣà fi jáde, tòun ti fọ́tò àyà rẹ̀.

Dókítà gbé fọ́tò àtijọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun. Ó wo èyí, ó wo ìyẹn, ó fi ìka wọn kókó náà nínú méjèèjì. Ibì kan náà ni wọ́n wà, wọn ò fi nǹkan kan ju ara wọn lọ.

"Àpá ni," ló wí, ó mí kanlẹ̀. "Àpá lásán."

Bí wọ́n ṣe dúró síbẹ̀ ni Ọ̀gá Àgbà wọlé, ó ti gbọ́ pé wọ́n ti ṣí sáfà. Ó rí fọ́tò lójú kọ̀ǹpútà, ó rí Agùntáṣọọ́lò nínú kóòtù, inú rẹ̀ dùn, ó na ọwọ́ sí i. "Mo mọ̀ pé wàá rí i ṣe! Ọmọ tó mọṣẹ́ nìyí!"

Agùntáṣọọ́lò gba ọwọ́ náà. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, sà," ló wí.

Ìyá Oníwáyà dúró díẹ̀ kí ọkùnrin náà lè fi ìyókù rẹ̀ kún un. Kò fi nǹkan kan kún un. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀gá," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ò gòkè, "ẹni tẹ́ ẹ ń bọ̀ lọ́wọ́ yẹn ló ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Nọ́ńbà kan náà ló fún ẹ̀rọ méjì. Ìdérí wáyà sì wà lábẹ́ àga mọ́tò rẹ̀ títí mo fi lọ gbà á. Èmi ni mo ya bébà pupa yín, èmi náà ni mo sì rí i."

Téèpù ń kùn lọ. Ọ̀gá Àgbà wo Agùntáṣọọ́lò. Agùntáṣọọ́lò ń wo orúnkún rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo yọ ọ́?" ni Dókítà bi í.

"Èmi ni," ló dáhùn, bí ẹni pé wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà yọ lọ́fun rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ó níṣẹ́ tó ń ṣe."

Ọ̀gá Àgbà wúkọ́. "Ó dáa, ó dáa. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé gbogbo rẹ̀ ti lójú. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìyókù."

Ìgbà yẹn gan-an ni inú wá bí Ìyá Oníwáyà ju ti àárọ̀ lọ. Ká gbàgbé kẹ̀? Nígbà tó jẹ́ òun ni wọ́n ń bú, kò sẹ́ni tó ní ká gbàgbé. Ó fẹ́ fèsì, àmọ́ Dókítà ti fà á lọ́wọ́ pé kí àwọn lọ sọ fún Tíṣà.

Wọ́n sọ fún Tíṣà. Ó gbọ́ ọ tán, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó wọ bàtà, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Oníwáyà rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Fọ́tò yẹn wà nínú ilé yìí láti ọjọ́ yìí?" ni Tíṣà bi í.

"Ó wà níbí, Mà."

"Ẹ wá jẹ́ kí n sunkún láti àná! Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi fi iṣẹ́ sílẹ̀! Mo ti sọ fún àkọ́bí mi ohun tó máa ṣe bí mi ò bá jí lórí tábìlì yín! Irú èèyàn wo lẹ̀ ń jẹ́ níbí? Ta ló fa èyí?"

Àwọn nọ́ọ̀sì yọjú. Ojú ti Ìyá Oníwáyà. Láti àárọ̀ ló ti ń ro ẹ̀gàn tí wọ́n gàn án, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn lára nìyí níwájú rẹ̀, ìbínú tirẹ̀ kò tó ti obìnrin yìí rárá. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Kò sọ pé òun kọ́.

"Ìbéèrè yín tọ́, Mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ìdáhùn wà."

Ó gba àpò lọ́wọ́ Tíṣà, ó ṣáájú rẹ̀ dé ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Agùntáṣọọ́lò wà níbẹ̀, òun àti Ọ̀gá Àgbà ń mu omi tútù. Ìyá Oníwáyà ṣílẹ̀kùn gbayawu.

"Ọ̀gá, ẹni tí wọ́n fẹ́ là láyà lọ́la nìyí. Ó fẹ́ mọ ohun tó fà á. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ jù."

Ó gbé àpò kalẹ̀ fún Tíṣà, ó sì ti ilẹ̀kùn látìta. Ohùn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ kíláàsì tó kún fọ́fọ́ kò nílò kó ṣílẹ̀kùn kó tó dé ìta. "Ẹ má jókòó!" ni gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́. "Mi ò tíì ní kẹ́ ẹ jókòó!"

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Àgbà sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé ẹ̀rọ téèpù kò kú, pé ẹni tó so sáfà ló ṣe àṣìṣe. Ó sáré sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì, kò sì wo ojú Ìyá Oníwáyà. Ó kéré sí ohun tó tọ́ sí i, obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kò sì tíì rọ̀. Ọkọ rẹ̀ náà bínú fún ọjọ́ díẹ̀, kó tó wá gbà pé àbúrò òun ló jẹ̀bi. Ẹ̀rọ téèpù náà sì ti gbó lóòótọ́, kò ní pẹ́ dákẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ni Ìyá Oníwáyà kò jiyàn rẹ̀ rí. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo téèpù kọ sínú àpótí dúdú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní Agùntáṣọọ́lò ni yóò máa kó wọn fún òun láti kọ́bọ́ọ̀dù, Ọ̀gá Àgbà kò sì lè sọ pé rárá. Ọkùnrin náà bọ́ kóòtù, ó gbé e kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ó ká apá ẹ̀wù.

"Ọdún wo ló kàn, ìyàwó?" ló ń bi í.

"Ẹ mú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wá," ló ń fèsì, kò sì wẹ̀yìn.